Má Yọ Sítáǹpù Náà: Bí A Ṣe Ń Ka Àpò Lẹ́tà Rẹ́jísítà Ìgbà Ogun

Mo mọ̀ pé àbájáde bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ nínú yín wá kà. Ẹ kà á tán, kí ẹ wá sún mọ́ apá ibí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, ẹ̀kọ́ ìtàn ni, ẹ̀bẹ̀ sì ni pẹ̀lú, nítorí mo ti ṣe àṣìṣe kan tí mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe.

Nígbà tí mo wà ní JSS 2, ọmọ ọdún 13 ni mí. Olùkọ́ wa kan ní kí a wá sítáǹpù wá, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá. Ta ló tún ń fi sítáǹpù ránṣẹ́ lásìkò WhatsApp yìí? Mo wá a títí ní Ọ̀yọ́, mi ò rí. Nígbà tí a gba ọlidé, mo lọ sọ́dọ̀ Màmá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé wọn kò jìnnà sí Ọjà Igbó. Nínú yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù àtijọ́ sí, mo rí àpótí páànù kan tó ti dípàtà. Rìsíìtì owó-orí àtijọ́ ló kún inú rẹ̀. Àpò lẹ́tà méjì wà nísàlẹ̀, kò sí lẹ́tà kankan nínú wọn mọ́. Àwọn méjèèjì ní sítáǹpù tí wọ́n ya orí ọba Gẹ̀ẹ́sì sí.

Inú mi dùn. Mo bu omi sínú abọ́, mo ri ọ̀kan nínú àpò lẹ́tà náà sínú rẹ̀ títí sítáǹpù méjì fi ṣí kúrò. Mo sá sítáǹpù náà sóòrùn. Ìwé tó kù, mo jù ú síbi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí, wọ́n sì fi dáná lọ́jọ́ kejì. Mo gba máàkì 9 nínú 10. Títí dòní, kò sí máàkì tí mo kábàámọ̀ rẹ̀ tó ìyẹn. Ẹ máa bá mi ká lọ, ẹ ó rí ìdí rẹ̀.

KÍ NI LẸ́TÀ RẸ́JÍSÍTÀ?

Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa, àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́. Wọ́n á di owó ẹyọ, ìyẹ́ ẹyẹ tàbí nǹkan mìíràn pọ̀, wọ́n á gbé e fún ẹni tí wọ́n fọkàn tán. Níhìn-ín ní Ọ̀yọ́, Aláàfin ní àwọn ìlàrí tó ń rán níṣẹ́. Apá kan orí wọn ni wọ́n máa ń fá, kí ẹni tó bá rí wọn lójú ọ̀nà lè mọ̀ pé iṣẹ́ ọba ni wọ́n ń jẹ́. Ẹni tó bá dí ìlàrí lọ́nà, ọba ló dí lọ́nà yẹn o. Òwe wa sì sọ pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún.

Lẹ́tà rẹ́jísítà jọ ìlàrí. Bó o bá ju lẹ́tà lásán sínú àpótí pósófíìsì, o ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Rẹ́jísítà ò rí bẹ́ẹ̀. Wàá gbé e lọ bá akọ̀wé nídìí káńtà, wàá san owó mìíràn lé owó sítáǹpù. Akọ̀wé á lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, á kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé ńlá, á fún ọ ní rìsíìtì. Bí lẹ́tà náà bá ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, wọ́n á máa kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì máa tẹ òǹtẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá gbà á níkẹyìn gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé, tàbí kó tẹ̀ka bí kò bá mọ̀wé. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi máa ń fi owó, ìwé ilẹ̀ àti ohun iyebíye ránṣẹ́ nípa rẹ́jísítà.

Ní ọdún 1841 ni ìlú Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n ṣe sítáǹpù àkọ́kọ́ lágbàáyé. Ilé ìfìwéránṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì dé Èkó ní 1852. Èkó ní sítáǹpù tirẹ̀ ní 1874, sítáǹpù tí wọ́n kọ Nàìjíríà sí lára sì jáde ní 1914 nígbà tí wọ́n da Àríwá àti Gúúsù pọ̀.

OGUN HITLER ÀTI ÀWỌN ỌMỌ WA

Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn àgbà wa ń pè ní Ogun Hitler, bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ó parí ní 1945. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì la wà nígbà náà, nítorí náà wọ́n kó àwọn ọmọ wa lọ. Ní 1943 wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 81st (West Africa) Division. Ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Gold Coast (Gánà òde òní), ọmọ Sàró àti ọmọ Gáḿbíà ló wà nínú rẹ̀. Aláǹtakùn dúdú ni àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ èjìká. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn lọ sí Íńdíà, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ Bọ́má, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí, láti bá àwọn ọmọ ogun Jàpáàn jà. Ẹgbẹ́ kejì, 82nd Division, tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Àfonífojì odò Kaladan ni àwọn 81st ti jà jù. Igbó kìjikìji ni, òkè lórí òkè, òjò níwájú, òjò lẹ́yìn. Kò sí ọ̀nà ọkọ̀ tó dáa, bàálù ló ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn láti òkè. Àwọn tó kù, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù.

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ẹnì kan. Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ológun ní 1942. Ọmọ ọdún 16 ni! Ọjọ́ orí mi gan-an nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára nígbà tí olùkọ́ Ìtàn wa sọ fún wa. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ló wà. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn Jàpáàn yìnbọn lù wọ́n létí odò Kaladan. Ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kú. Ìbọn ba Isaac, òun àti ọmọ Sàró kan tó ń jẹ́ David Kagbo sì há sínú igbó lẹ́yìn ọ̀tá. Ará abúlé kan níbẹ̀, Shuyiman, ló ń fún wọn lóúnjẹ tó sì fi wọ́n pa mọ́ sílé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bí àwọn Jàpáàn bá mọ̀, orí rẹ̀ ni ì bá lọ sí i. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó rí wọn ní oṣù kejìlá 1944. Ó padà wálé, ó kọ ìwé nípa rẹ̀. Ní 2011, oníròyìn kan, Barnaby Phillips, gba lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ́wọ́ Isaac, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹbí Shuyiman ní Bọ́má. Shuyiman ti kú, àmọ́ iṣẹ́ náà dé ilé rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Isaac náà kú. Ẹ wo lẹ́tà tó fi ọdún tó lé ní 60 rìn!

ÀWỌN TÍ ỌWỌ́ Ọ̀TÁ TẸ̀ ŃKỌ́?

Ẹlẹ́wọ̀n ogun náà máa ń kọ̀wé. Ní 1929 àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn kan ní Geneva, ní Switzerland, pé ẹni tí wọ́n bá mú lógun lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé sílé, kò sì ní sanwó sítáǹpù. Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní Geneva tó ń kọ orúkọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n sórí káàdì, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù káàdì, kí ìyá tó ń wá ọmọ lè mọ̀ bóyá ó ṣì wà láyé. Àpò lẹ́tà irú wọn kì í sábà ní sítáǹpù. Ohun tí ẹ ó rí lára wọn ni nọ́ńbà ẹlẹ́wọ̀n, nọ́ńbà àgọ́, àti òǹtẹ̀ àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn Jàpáàn le ju Jámánì lọ ní tiwọn. Ìgbà kan wà tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ 25 péré ni ẹlẹ́wọ̀n lè kọ sórí káàdì. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò: ẹ fi ọ̀rọ̀ 25 sọ fún ìyá yín pé ẹ ṣì wà láàyè.

Àwọn ará Áfíríkà wà nínú ẹlẹ́wọ̀n wọ̀nyí. Nígbà tí Jámánì ṣẹ́gun Faransé ní 1940, wọ́n mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà dúdú tó ń jà fún Faransé, títí kan àwọn ọmọ Dahomey tó jẹ́ aládùúgbò wa, tí wọ́n ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ báyìí. Ilẹ̀ Faransé níbẹ̀ ni wọ́n há wọn mọ́, nínú àwọn àgọ́ tí wọ́n ń pè ní Frontstalag. Léopold Sédar Senghor, tó di ààrẹ àkọ́kọ́ ní Sẹ̀nẹ̀gà ní 1960, wà lára wọn. Ó ṣẹ̀wọ̀n títí di 1942.

Kì í ṣe òkè òkun nìkan. Nàìjíríà níbí, wọ́n sọ ilé-ìwé Government College tó wà ní Umuahia di àgọ́ nígbà ogun, wọ́n sì kó àwọn ará Jámánì àti Ítálì sí àhámọ́ níbẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó pé wọ́n lé wa kúrò ní kíláàsì, wọ́n wá fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ilé-ìwé wa ká!

BÀBÁ BỌ́MÁ

Mo padà sórí àpótí páànù. Ní SS 1, olùkọ́ Ìtàn wa ní kí kálukú lọ béèrè nílé bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wọn lọ sí Ogun Hitler. Mo béèrè lọ́wọ́ Màmá Àgbà. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé o ò mọ̀ pé bàbá mi ni wọ́n ń pè ní Bàbá Bọ́má ni?"

Ìtàn tí wọ́n sọ fún mi nìyí. Ní 1943, nígbà tí Màmá Àgbà ò ju ọmọ ọdún méjì lọ, bàbá wọn wọṣẹ́ sójà. Láti ìgbà tó ti wọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ ò gbọ́ ohunkóhun. Oṣù ń gorí oṣù. Àwọn kan ní ó ti kú. Àwọn kan ní ó ti fẹ́ obìnrin míì ní Íńdíà. Nígbà tó sú u, ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó kó ẹrù lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ohun tí ìyá náà máa ń sọ títí tó fi kú ni pé ọjọ́ tí òun ń kó ẹrù wọ Ọ̀yọ́ ni ariwo ta pé Hitler ti kú, pé ogun ti parí ní Jámánì. Ìyẹn jẹ́ oṣù karùn-ún 1945. Ó fẹ́ ọkọ mìíràn lẹ́yìn náà.

Bàbá Bọ́má dé ní 1946. Ilé ló bá, kò bá aya. Ó ní, "Mo kọ̀wé. Mo fi owó ránṣẹ́." Ìyàwó ní, "Èmi ò rí ìwé, èmi ò rí owó." Gbogbo ẹbí gbà pé ọ̀kan nínú wọn ń parọ́. Bí Màmá Àgbà ṣe dàgbà nìyẹn, oṣù díẹ̀ l'Ọ̀yọ́, oṣù díẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́. Bí wọ́n bá dé ibí, wọ́n á ní bàbá wọn purọ́. Bí wọ́n bá dé ọ̀hún, wọ́n á ní ìyá wọn ni.

Mo dá wọn lóhùn pé, "Màmá, àpò lẹ́tà kan ṣì wà nínú àpótí."

BÍ MO ṢE KÀ Á

Mo gbé e wá sí ilé-ìwé nínú ìwé ńlá kan, olùkọ́ wa sì fi bí wọ́n ṣe ń kà á hàn mí. Àwọn nǹkan tí ẹ máa wò nìyí.

1. Ìlà búlúù. Ìlà méjì tó gba orí ara wọn kọjá níwájú àpò lẹ́tà, bí ìgbà téèyàn fi okùn di ẹrù. Bí ẹ bá ti rí i, rẹ́jísítà ni.

2. Àmì R àti nọ́ńbà. R dúró fún rẹ́jísítà. Orúkọ pósófíìsì ló yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Lójú ogun, wọn kì í kọ orúkọ ìlú, kí ọ̀tá má bàa mọ ibi tí àwọn sójà wà. F.P.O. àti nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ, ìyẹn ni pósófíìsì ojú ogun. Tiwa ní F.P.O. lára.

3. Sítáǹpù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni sójà máa ń fi lẹ́tà lásán ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ owó ni rẹ́jísítà. Sítáǹpù Íńdíà ló wà lára tiwa, nítorí pé pósófíìsì àwọn ọmọ ogun Íńdíà ló ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè ogun náà. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún 13, mo rò pé ẹnì kan lọ rajà ní Íńdíà ni!

4. Òǹtẹ̀ sẹ́ńsọ̀. Ọ̀gá ológun gbọ́dọ̀ ka lẹ́tà kó tó lọ, kí sójà má bàa sọ àṣírí. Ó máa ń buwọ́ lu igun àpò lẹ́tà, wọ́n á sì tẹ òǹtẹ̀ lé e. Ìyẹn ni pé ohun tí Bàbá Bọ́má fẹ́ sọ fún ìyàwó rẹ̀, òyìnbó kan ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

5. Ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà! Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yí i padà. Òǹtẹ̀ rẹ́jísítà Èkó wà níbẹ̀, ti Ìbàdàn wà níbẹ̀, ti Ògbómọ̀ṣọ́ náà wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nígbà náà: OGBOMOSHO. Òǹtẹ̀ iwájú, ti F.P.O., sọ pé 11 oṣù kẹwàá 1944. Èkó: 4 oṣù kejìlá. Ìbàdàn: 6 oṣù kejìlá. Ògbómọ̀ṣọ́: 9 oṣù kejìlá 1944.

6. Àdírẹ́sì. Orúkọ ìyá Màmá Àgbà ló wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ c/o, ìyẹn ni pé kí wọ́n gbé e fún ẹnì kan kó bá a gbà á, nítorí pé ìyá náà ò mọ̀wé kà. Orúkọ tó tẹ̀ lé e ni ti ẹ̀gbọ́n Bàbá Bọ́má.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Lẹ́tà náà wọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní oṣù kejìlá 1944. Ìyàwó kúrò nílé ní oṣù karùn-ún 1945. Oṣù márùn-ún gbáko ni lẹ́tà náà fi wà nílùú kí obìnrin náà tó di ẹrù rẹ̀. Àpótí páànù yẹn sì rèé, Màmá Àgbà ló sọ fún mi, yàrá ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ni wọ́n ti gbé e jáde nígbà tó kú.

OHUN TÍ MÀMÁ ÀGBÀ SỌ

Mo padà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Mo kúnlẹ̀, mo ka àwọn òǹtẹ̀ náà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi ìka tọ́ka sí i. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n gba àpò lẹ́tà náà, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Wọ́n wá ní, "Bàbá mi kọ ọ́. Ìyá mi ò rí i. Àwọn méjèèjì ò parọ́."

Màmá Àgbà ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún o. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbé ẹjọ́ yẹn rìn.

Inú bí mi sí ẹ̀gbọ́n Bàbá Bọ́má. Mo ní ó jí lẹ́tà, ó jí owó, ó fọ́ ilé àbúrò rẹ̀. Màmá Àgbà dá mi lẹ́kun. Wọ́n ní, "Ṣé ìwé yẹn sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Ohun tó sọ ni kó o sọ. Òkú ò lè wá rojọ́ ara rẹ̀." Òótọ́ sì ni. Àpò lẹ́tà sọ ọjọ́ tí lẹ́tà dé ìlú. Kò sọ ìdí tí kò fi dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Bóyá ìyá náà ti bínú lọ síbì kan lọ́sẹ̀ yẹn. Bóyá wọ́n fi owó náà san gbèsè tàbí owó-orí. Bóyá ojúkòkòrò ni. Ìwé ńlá tí ẹni tó gbà á buwọ́ lù ò sí lọ́wọ́ wa.

Wọ́n wá béèrè ìbéèrè tí mo ti ń bẹ̀rù. "Èkejì ńkọ́? Ṣé kì í ṣe méjì lo ní o rí nígbà yẹn?"

Mo jẹ́wọ́. Mo mú ìwé iṣẹ́ JSS 2 mi jáde, mo fi sítáǹpù méjèèjì hàn wọ́n. Apá kan òǹtẹ̀ ṣì wà lára ọ̀kan. Ohun tí a lè kà níbẹ̀ ni 19 MA. Ìyókù rẹ̀, lẹ́tà ìkẹyìn orúkọ oṣù náà àti ọdún, orí ìwé tí mo jù nù ló bọ́ sí. Ṣé MAR ni, ìyẹn oṣù kẹta, àbí MAY, oṣù karùn-ún? Ṣé 1944 ni, nígbà tí ọmọ ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́, àbí 1945, nígbà tí ilé ti ń dà rú? Bó bá jẹ́ 1944, a jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni lẹ́tà dé tí kò dé ọwọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ oṣù karùn-ún 1945, a jẹ́ pé ọkùnrin náà ń kọ̀wé sí ilé tí ìyàwó rẹ̀ ti kúrò. Ìwé pélébé kan ni ìdáhùn wà lára rẹ̀, èmi ni mo fi dáná.

Màmá Àgbà ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n kàn ní, "O ò mọ̀." Òwe tí wọ́n wá pa ni pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀yin èèyàn mi, àkísà yẹn ni mò ń sọ.

ṢÉ KÍ A TÀ Á?

Àwọn tó ń kó irú nǹkan báyìí jọ wà káàkiri àgbáyé. Ẹgbẹ́ kan tiẹ̀ wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, West Africa Study Circle, tó jẹ́ pé sítáǹpù àti lẹ́tà àtijọ́ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í yọ sítáǹpù. Odidi àpò lẹ́tà, pẹ̀lú òǹtẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn, ló níye lórí lójú wọn.

Ẹbí wa kan mú ẹnì kan tó ń ra nǹkan àtijọ́ wá. Ó ní òun á san 20,000 náírà. Ẹ má parọ́ fún ara yín, owó ni. Èmi gan-an rò ó, nítorí owó WAEC ń bọ̀ lọ́nà. Màmá Àgbà ní, "Ta ló ń ta ẹnu bàbá rẹ̀?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mi ò sọ pé ẹni tó ń kó o jọ ṣe burúkú. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí àwọn ẹbí ì bá fi dáná, àwọn ni wọ́n gbà á là. Àmọ́ bí tiwa bá lọ, ẹni tó rà á á mọ F.P.O., á mọ sítáǹpù. Kò ní mọ̀ pé ọmọ kan wà l'Ógbómọ̀ṣọ́ tí ìwé náà dá ìyá rẹ̀ láre.

BÍ Ẹ BÁ RÍ IRÚ RẸ̀ NÍLÉ

- Ẹ má fi omi kàn án, ẹ má yọ sítáǹpù rẹ̀.
- Ẹ má gbé e lọ lámínéètì! Mo mọ̀ pé gbogbo wa fẹ́ràn lámínéètì, àmọ́ ooru rẹ̀ ń ba ìwé àtijọ́ jẹ́, kò sì ṣeé yọ mọ́. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya.
- Ẹ fọwọ́, ẹ nù ún gbẹ kí ẹ tó dì í mú. Ẹ fi sínú ìwé funfun tó mọ́, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí oòrùn, òjò, eku àti ikán ò ní dé.
- Ẹ fi fóònù ya iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn.
- Ẹ má kọ nǹkan kan sí i lára. Orí ìwé mìíràn ni kí ẹ kọ ọ́ sí: ibi tí ẹ ti rí i, àpótí ta ni, ta ló sọ ìtàn rẹ̀ fún yín, ọjọ́ wo.
- Ẹ bi àwọn àgbà nísinsìnyí. Ọmọ sójà Bọ́má tó kéré jù náà ti darúgbó.
- Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ sí i, National Archives wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn ìwé ìjọba àtijọ́ ti Ọ̀yọ́ Province, tí Ògbómọ̀ṣọ́ wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, wà níbẹ̀. Olùkọ́ Ìtàn wa ti ṣèlérí láti bá wa kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda.

Àpò lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ Màmá Àgbà, lábẹ́ Bíbélì wọn. Sítáǹpù méjèèjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Mo yọ wọ́n kúrò nínú ìwé iṣẹ́ mi, máàkì 9 náà nìkan ló kù síbẹ̀.

Press Club fẹ́ ṣe ojú ìwé kan nípa àwọn sójà Ogun Hitler láti Ọ̀yọ́ àti agbègbè rẹ̀. Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ béèrè. Bí ẹnikẹ́ni bá ní àpótí páànù kan wà nílé wọn, kó wá bá mi ní SS 2 nígbà brẹ́ékì, kí a jọ wo inú rẹ̀. Ẹ kàn má bu omi dání.